Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ìkéde Kẹ̀kẹ́ Àjọlò ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Lẹ́tà mẹ́rin la mú fún ìtẹ̀jáde yìí, orí ọ̀rọ̀ kan náà sì ni gbogbo wọn dá lé: bí àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò tó ra kẹ̀kẹ́ ológeere fún àjọlò ṣe lè fi ojú òpó ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ polówó rẹ̀, kí àwọn èèyàn lè máa gùn ún. A gé díẹ̀ kúrò nínú àwọn lẹ́tà náà, a sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n.

*Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ kan ní Ìjàpò, ní Àkúrẹ́. Lọ́dún tó kọjá ni a dáwó jọ, a sì ra kẹ̀kẹ́ méjìlá, tí ẹnikẹ́ni tó bá forúkọ sílẹ̀ lè mú ní ibùdó kan kó sì dá a padà sí ìkejì. A ṣí ojú ìwé kan sórí Facebook. Àwọn tó ń tẹ̀lé wa níbẹ̀ ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, fọ́tò kan ṣoṣo a sì máa gba igba láíìkì, síbẹ̀ kẹ̀kẹ́ mẹ́rin péré ló ń jáde lójúmọ́. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ wa ní kí a san owó fún Facebook kí ìkéde wa lè tàn sí i. Kí ni ẹ rí sí i?*
Akọ̀wé ẹgbẹ́, Ìjàpò

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, Akọ̀wé. Ẹ má tíì san owó náà. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe ni kí ẹ wo ibi tí àwọn ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náà ń gbé, nítorí Facebook máa ń fi ìlú tí àwọn tó ń tẹ̀lé ojú ìwé wà han ẹni tó ni ín. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Àkúrẹ́ tó wà ní Èkó, ní Àbújá àti ní Lọ́ńdọ̀nù, tí inú wọn dùn pé ohun rere ń ṣẹlẹ̀ nílé, tí wọ́n sì tẹ láíìkì náà tọkàntọkàn. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ tilẹ̀ lè bẹ̀ wọ́n fún owó táyà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè gun kẹ̀kẹ́ yín lọ sí Alágbàká láàárọ̀ ọ̀la nínú wọn. Ẹni tó lè gùn ún ni ẹni tí kò ní rìn ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ dé ibi tí ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sí. Òun ni kí ẹ máa bá sọ̀rọ̀.

Orí WhatsApp ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà. Ó wà nínú gúrúùpù ẹgbẹ́ onílé, ti ìjọ, ti àsáláátù, ti àwọn òbí ọmọ ilé ìwé, ti àwọn tí wọ́n jọ jáde ilé ìwé girama. Gúrúùpù kan lè gba èèyàn 1,024, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí èrò bá ṣe pọ̀ tó ni ọ̀rọ̀ ṣe ń wọlé. Gúrúùpù ojúlé ọgbọ̀n tí gbogbo wọn mọ ara wọn yóò wúlò fún yín ju èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹ má sì kọ ìkéde kan ṣoṣo kí ẹ wá máa fi í ránṣẹ́ káàkiri. Láti oṣù kẹrin ọdún 2020 ni WhatsApp ti pààlà sí i, tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tó bá ti ti ọwọ́ dé ọwọ́ nígbà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà ni èèyàn tún lè fi í ṣọwọ́ sí, àmì ọfà méjì tó máa ń wà lórí rẹ̀ sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn láti fo irú rẹ̀ kọjá láìkà á. Ẹ wá ẹnì kan tí wọ́n mọ̀ dáadáa nínú gúrúùpù kọ̀ọ̀kan, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, tàbí kí ó fi ohùn ara rẹ̀ sọ ọ́. Bí ìyá ìjọ kan bá fi ohùn Àkúrẹ́ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan nípa bí òun ṣe gun kẹ̀kẹ́ náà lọ ra ẹ̀fọ́, yóò ṣiṣẹ́ ju àwòrán mèremère tí ẹ san owó fún lọ.

Kí ni kí wọ́n wá sọ? Ẹni tó ń múra iṣẹ́ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ kò ní ju ìbéèrè mẹ́ta lọ́kàn: ṣé kẹ̀kẹ́ wà, èló ni, bó bá sì bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ńkọ́? A ti ka ogún ìkéde tí ẹ gbé síta gbẹ̀yìn. Afẹ́fẹ́ mímọ́, ìlera àti ọjọ́ ọ̀la àwọn ọmọ wa ni wọ́n ń sọ, òótọ́ sì ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tó dáhùn èyíkéyìí nínú ìbéèrè mẹ́ta yẹn. Kí ẹni tó ń mójú tó ibùdó máa ya fọ́tò rẹ̀ láràárọ̀, kó gbé e sórí Status WhatsApp ẹgbẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ṣókí báyìí: "Aago mẹ́fà ààbọ̀. Kẹ̀kẹ́ márùn-ún wà lẹ́nu géètì, mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo. Nọ́ńbà 7 wà lọ́dọ̀ alátùn-únṣe." Lẹ́yìn wákàtí 24 ni Status ń parẹ́ fúnra rẹ̀, èyí sì bá ọ̀rọ̀ yín mu gan-an, nítorí ìròyìn àná kò ní ṣi ẹni tòní lọ́nà. Ẹ rántí pé ẹni tí kò bá tọ́jú nọ́ńbà ẹgbẹ́ sínú fóònù rẹ̀, tí ẹ̀yin náà kò sì tọ́jú tirẹ̀, kò ní rí i. Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹnì kan bá forúkọ sílẹ̀ ni kí ẹ ti jọ tọ́jú nọ́ńbà ara yín.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ṣọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ ń lò. "Kẹ̀kẹ́" lásán ni ẹ kọ sínú gbogbo ìkéde yín. Ní Àkúrẹ́ òde òní, bí èèyàn bá gbọ́ "kẹ̀kẹ́", Márúwá ló ń wá sí i lọ́kàn, ẹni tó bá sì ka "ẹ wá gun kẹ̀kẹ́ wa" lè rò pé àwọn onímọ́tò èrò tuntun kan ló dé. Ẹ kọ "kẹ̀kẹ́ ológeere", tàbí kí ẹ pè é ní "báísíkù" bí àwọn ọmọ yín ṣe ń pè é.

Ohun kan kù tí àwọn ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tó ń tẹ̀lé yín kò lè sọ fún yín. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan tí a yà wo ibùdó yín, obìnrin kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì dúró ti kẹ̀kẹ́ nọ́ńbà 4. Ó fi àtàǹpàkò tẹ táyà wò. Ó fa bíréèkì. Ó wo ìjókòó tó ga ju ìbàdí rẹ̀ lọ, ó sì wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá ẹnì kan ń wo òun. Lẹ́yìn náà ló fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí ọlọ́kadà. Ohun méjì ló dá obìnrin yìí dúró, ẹ sì lè fi fóònù yanjú méjèèjì.

Èkínní ni àìmọ̀. Irin kékeré kan wà lábẹ́ ìjókòó náà tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan tú, kó sọ ìjókòó kalẹ̀, kó sì tún un dè, kí ẹni tó ń kà á dé ẹẹ́wàá tó ka ẹẹ́wàá tán. Ẹ ya fídíò rẹ̀. Kí ọwọ́ nìkan hàn níbẹ̀, kí ọwọ́ náà jẹ́ ti obìnrin, kó ṣí àgádágodo, kó sọ ìjókòó kalẹ̀, kó fa bíréèkì méjèèjì, ó tán. Kó má ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ, nítorí láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí àjọ NCC, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ fóònù ní Nàìjíríà, ti fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn, kò sí ẹni tó fẹ́ fi dátà rẹ̀ wo fídíò gígùn tí kò bèèrè fún.

Èkejì ni ìtìjú, òun ló sì nira jù. Nígbà tí owó kòkó ń wọlé, kẹ̀kẹ́ Raleigh ni àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ yìí ń gùn lọ sóko, ẹni tó bá ní in kì í sì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fojú tín-ín-rín. Lónìí, bí àgbàlagbà bá gun kẹ̀kẹ́ ológeere gba òpópónà Ọba Adésídà, àwọn kan á ní nǹkan ti dẹnu kọlẹ̀ fún un. Ẹ kò lè fi àríyànjiyàn mú irú èrò bẹ́ẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n fọ́tò lè mú un kúrò díẹ̀díẹ̀. Ẹ bẹ àwọn ará àdúgbò kí wọ́n tú àpótí ilé wò, kí wọ́n ya fọ́tò àtijọ́ bàbá tàbí ìyá wọn pẹ̀lú kẹ̀kẹ́, kí wọ́n sì sọ ìtàn rẹ̀ ní gbólóhùn mẹ́ta. Kí ẹ wá máa gbé e síta pọ̀ mọ́ ti olùkọ́, nọ́ọ̀sì tàbí oníṣẹ́ ìjọba tó ń gun tiyín lónìí, tó gbà kí ẹ fi òun hàn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ epo kún un pẹ̀lú, nítorí kò sí ẹni tó ti gbàgbé ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà epo tí kò tó igba náírà fò lọ sí nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ nítorí pé ó mọ ìṣirò, kò sí ohun tó yẹ kó tì í lójú.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí fún oṣù méjì tí owó ìkéde náà ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ lè san díẹ̀ fún Facebook, kí ẹ sì ní kó fi í han kìkì àwọn tó wà ní Àkúrẹ́. Ẹ má ka láíìkì mọ́. Iye ìgbà tí kẹ̀kẹ́ jáde lójúmọ́ ni kí ẹ máa kọ sínú ìwé.

*Ẹ̀yin àgbà wa, èmi ni mò ń mójú tó ojú òpó ẹgbẹ́ wa. Obìnrin kan kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò wa pé bíréèkì kẹ̀kẹ́ wa kò mú nígbà tí òun ń sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè-Àró, pé díẹ̀ ló kù kí òun kọ lu mọ́tò. Nǹkan bí ogójì èèyàn ló ti fèsì, àwọn mìíràn sì ń bú wa. Alága wa ní kí n pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, kí n sì dí obìnrin náà lọ́nà kó má lè kọ nǹkan mọ́. Ara mi kò gbà á.*
Ẹni tó ń mójú tó ojú òpó, Àkúrẹ́

Ẹ ṣé tí ara yín kò gbà á. Ẹ má pa á rẹ́. Ẹ bá wa kí alága yín, kí ẹ sì fi ìtẹríba sọ fún wọn pé ẹni kan ti ya àwòrán ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ sínú fóònù rẹ̀ báyìí, àti pé ọjọ́ tí ẹ bá pa á rẹ́ ni àwọn èèyàn yóò gbà pé òótọ́ tó burú ju èyí tó kọ lọ wà níbẹ̀. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tẹ lẹ́tà kan lórí fóònù, ẹ lọ wá kẹ̀kẹ́ náà. Ẹ bèèrè nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin náà, kí ẹ gbé e kúrò ní ibùdó, kí alátùn-únṣe sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun méjì ló sábà máa ń fà á: yálà rọ́bà bíréèkì ti jẹ tán, tàbí okùn irin rẹ̀ ti dẹ̀. Bí ẹ bá fa ọwọ́ bíréèkì tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin ìdarí kó tó mú, kẹ̀kẹ́ yẹn kò yẹ ní ohun tí à ń fún ẹnikẹ́ni gùn, kí a má tíì sọ ti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè-Àró. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá fèsì, lábẹ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i. A lè kọ ọ́ báyìí: "Ẹ kú ewu, mà. Ẹ ṣé tí ẹ sọ fún wa. Nọ́ńbà 9 ni kẹ̀kẹ́ náà. Rọ́bà bíréèkì ẹ̀yìn ti jẹ tán, ó sì yẹ kí a ti rí i kí ẹ tó gùn ún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì wá. A ti pààrọ̀ rẹ̀, a sì ń yẹ gbogbo àwọn yòókù wò lónìí." Ẹ fi fọ́tò rọ́bà àtijọ́ tó ti pẹ́lẹ́bẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ tuntun. Ẹ má fi "ṣùgbọ́n" kankan sínú ẹ̀bẹ̀ náà, ẹ má sì sọ pé ó sáré jù. Kí alága fúnra wọn pè é lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kí wọ́n bèèrè bóyá ó fara pa; Yorùbá ni wá, kò yẹ kí ẹ̀bẹ̀ parí sórí ayélujára.

Ní ti àwọn tó ń bú yín, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Kìkì ẹni tó bá ń bú obìnrin náà tàbí tó ń halẹ̀ mọ́ ọn ni kí ẹ yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò.

A sì gbà yín níyànjú pé láti ìsinsìnyí lọ, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni kí ẹ máa gbé fọ́tò ọwọ́ alátùn-únṣe yín síta bó ṣe ń yẹ bíréèkì, ṣéènì àti táyà wò, pẹ̀lú nọ́ńbà kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan àti ohun tó ṣe sí i. Kò sí ìkéde tó dára tó èyí. Ẹni tó ń bẹ̀rù kẹ̀kẹ́ gbogboogbò, ohun tó ń bẹ̀rù ni pé kò sí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀.

*Olóòtú, láti ìlú Oǹdó ni mo ti ń kọ̀wé. Kẹ̀kẹ́ wa méjì ti sọnù. Kámẹ́rà ilé kan mú àwòrán ọmọkùnrin kan tó ń ti ọ̀kan lọ lóru. Àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ gbé ojú rẹ̀ sórí Facebook àti X (ìyẹn Twitter àtijọ́) pé olè rèé. Ṣé ó tọ́?*
Akápò ẹgbẹ́, Oǹdó

Kò tọ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dá wọn dúró lónìí. Ẹ kò mọ̀ bóyá ọmọ náà jí i ni, tàbí ó rí i níbi tí ẹlòmíràn pa á tì sí, tàbí táyà rẹ̀ ló jò tó fi ń tì í. Gbogbo wa la sì mọ ohun tí ariwo "olè" lè fà ní òpópónà wa: wọ́n lè ti dáná sun èèyàn kí òtítọ́ tó jáde. Bí ẹ bá ti gbé ojú rẹ̀ síta, ẹ kò lè kó o padà mọ́. Òkò tí a bá bínú jù kì í pa ẹyẹ. Ẹ mú àwòrán náà lọ fún ọlọ́pàá tàbí ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ síbẹ̀. Bákan náà ni kí ẹnikẹ́ni má gbé orúkọ tàbí nọ́ńbà fóònù ẹni tó gba kẹ̀kẹ́ gbẹ̀yìn sínú gúrúùpù. Òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 kan ẹgbẹ́ tó gba ìwífún aráàlú sílẹ̀, bó ti wù kí ẹgbẹ́ náà kéré tó.

Kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ gbé síta: àwọ̀ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, ibi tó ti ha, nọ́ńbà tí èèyàn lè pè, àti ọ̀rọ̀ pé ẹ kò ní bèèrè ìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá dá a padà. Ọ̀rọ̀ olè yìí ti bá àwọn tó jù yín lọ. Ní Amsterdam lọ́dún 1965, àwọn ọ̀dọ́ kan kun kẹ̀kẹ́ ní funfun, wọ́n sì gbé e sí ìgboro láìtì í pa, pé kí ẹnikẹ́ni máa gùn ún. Àwọn olè kó nínú rẹ̀, ọlọ́pàá kó nínú rẹ̀ nítorí òfin kò gba kí a fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ láìtì í pa, ètò náà kò sì pẹ́. Nígbà tí Copenhagen bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ́dún 1995, wọ́n ní kí èèyàn fi owó ẹyọ kan sínú àgádágodo kó tó ṣí, kó sì gba owó rẹ̀ padà bó bá dá kẹ̀kẹ́ padà. Paris bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2007 pẹ̀lú nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kẹ̀kẹ́, olè àti àwọn abanǹkanjẹ́ sì dà á láàmú gan-an. Ilé iṣẹ́ Mobike, tí òun náà ń ṣe kẹ̀kẹ́ àjọlò, kó kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kúrò ní Manchester lọ́dún 2018 nítorí ọ̀rọ̀ kan náà. Ohun tó ran àwọn tó dúró lọ́wọ́ ni àgádágodo tó lágbára, owó ìdógò kékeré tí ẹni tó ń gùn ún yóò gbà padà, àti kẹ̀kẹ́ tí ìrísí rẹ̀ yàtọ̀ débi pé kò ṣeé tà lọ́jà. Bí ẹ bá kun tiyín ní àwọ̀ ọsàn látòkè délẹ̀, tí ẹ sì ń fi í han ìlú lójoojúmọ́ lórí Status, ta ni yóò rà á lọ́wọ́ olè?

*Ẹ kú iṣẹ́ sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́. A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kẹ̀kẹ́ àjọlò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Aláwàdà kan tó ní èrò rẹpẹtẹ lórí TikTok ní kí a san owó fún òun. Ṣé kí a san án?*
Akẹ́kọ̀ọ́, FUTA

Ọmọ wa ọ̀wọ́n, má san án. Owó yẹn yóò ra àgádágodo mélòó kan. Gbé fóònù rẹ, kí ọ̀rẹ́ rẹ kan dúró sí South Gate de ọkọ̀, kí ìkejì gun kẹ̀kẹ́, kí ẹ sì fi aago hàn nínú fídíò títí àwọn méjèèjì fi dé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Bí ọkọ̀ bá ṣíwájú, ẹ gbé e síta bẹ́ẹ̀ náà. Kí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ má ṣe di fóònù mú o. Ẹlòmíràn ni kó ya á láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ lọ́dún 2018 fún kẹ̀kẹ́ ológeere, bí ẹ bá sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ilé iṣẹ́ rédíò lè fún yín láyè láti sọ̀rọ̀.

Má sì gbé gbogbo ọ̀rọ̀ yín lé ojú òpó kan. Ìwọ náà á rántí pé láti ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fi ti Twitter pa ní Nàìjíríà, tí àwọn tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ sì di odi. Ẹ kan pátákó kan mọ́ ibi tí kẹ̀kẹ́ wà. Ẹ fi ọ̀dà kọ iye owó, nọ́ńbà fóònù méjì àti orúkọ ẹni tí èèyàn yóò bá níbẹ̀ sí i, kí ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà, kí ẹni tí dátà rẹ̀ ti tán lè kà á.